Owó kánsù ń wọlé lóṣooṣù, gọ́tà ọjà wa ṣì dí: kí la tún fẹ́ lọ dìbò ṣe?

ỌmọAláṣọ:
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú o, mi ò gba fìlà lọ́wọ́ ẹnì kankan. Aṣọ ni màmá mi ń tà lọ́jà, èmi ni mo máa ń bá wọn jókòó ti ṣọ́ọ̀bù tí mi ò bá níṣẹ́. Àràárọ̀ ni àwọn ọmọ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì kánsù máa ń dé, kó o tó ta ọ̀pá aṣọ kan o ti máa sanwó, tó o bá ní o ò tíì tajà wọ́n á mú nǹkan kan lọ nínú ọjà ẹ. Ó dáa, à ń san án. Àmọ́ gọ́tà tó gba iwájú ọjà yẹn kọjá, mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tó ti dí, tójò bá ti rọ̀ báyìí omi dúdú á ya wọ ṣọ́ọ̀bù, gbogbo àǹkárá tó wà nílẹ̀ á ti rin kẹ́ ẹ tó gbé e sókè, ẹni tó bá sì ń ta àǹkárá mọ̀ pé tómi gọ́tà bá ti kàn án, òórùn ẹ̀ ò ní lọ bọ̀rọ̀, ẹ̀dínwó lẹ máa tà á.

Ìyálọ́jà kó àwọn èèyàn lọ sọ́fíìsì alága. Alága gbà wọ́n dáadáa o, ó fún wọn ní mínírà, ó ní owó ni ò sí, pé iye tó ń tẹ òun lọ́wọ́ ò ju owó oṣù lọ. Nígbà tó di July 2024 a gbọ́ lórí rédíò pé Supreme Court ti ní kí Àbújá máa sanwó kánsù sápò kánsù tààrà, kí gómìnà kankan má fọwọ́ kàn án mọ́. Ọjà hó yèè lọ́jọ́ yẹn, àwọn kan tiẹ̀ jó. Títí di bí mo ṣe ń tẹ eléyìí, ẹnikẹ́ni ò fi ṣọ́bìrì kan gọ́tà yẹn.

Èyí tó wá dùn mí jù nìyí. Nígbà ìbò tó kọjá wọ́n ń pín owó fáwọn ìyá ọjà níkọ̀rọ̀, ẹ mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní dìbò kó o sebẹ̀. Mo ní kí màmá mi má gbà á. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní "ìwọ ọmọ yìí, owó ìjọba tójú mi máa rí láyé mi náà rèé." Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ṣé wọ́n jàre ni àbí wọn ò jàre? Àti pé owó kánsù yìí gan-an, ibo ló ń gbà tí ò fi ń dé ọ̀dọ̀ wa?

BàbáBejì_Mushin:
Màmá yín jàre o, ẹ bá mi kí wọn. Káàdì ìdìbò tèmi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun àti aáyán ló jọ ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ìbò kánsù l'Ékòó, July 2025, ipò alága 57 ló wà ńlẹ̀, APC kó gbogbo 57. Kánsẹ́lọ̀ 376, wọ́n mú 375, ẹyọ kan péré ló bọ́ sọ́wọ́ PDP, mo rò pé ẹni tó ń kọ èsì ló tòògbé. Kẹ́ ẹ tó ní torí pé APC ni, ẹ sọdá s'Ọ́yọ̀ọ́, 2024, PDP kó gbogbo 33. Ti Ọ̀ṣun ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù. October 2022 tí APC wà nílé ìjọba, APC kó gbogbo 30. February 2025 tí PDP ti débẹ̀, PDP kó gbogbo 30. Ìlú kan náà, àwọn olùdìbò kan náà! Lásìkò ìyẹn ni tọ̀tún tòsì gbéjà dé ẹnu ọ̀nà sẹkitéríàtì, ti pé ta ni alága gan-an, Àbújá bá di owó kánsù Ọ̀ṣun mú.

Ẹ wo ìbò ààrẹ 2023 náà. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tó jáde ò ju bíi mílíọ̀nù 25. Àwọn yòókù ń kọ́? Wọ́n wà nílé, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, èmi gan-an wà ńbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá gbowó wọn jàre.

Akápò_Fẹ̀yìntì:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rọra. Ẹ̀ka owó ni mo wà nínú iṣẹ́ kánsù kí n tó fẹ̀yìn tì, n ò ní dárúkọ ibẹ̀, àmọ́ n ó sọ bí owó ṣe ń rìn.

Owó tó bá wọ àpò orílẹ̀-èdè lóṣù, ìjọba àpapọ̀ á mú ìdá 52.68 nínú 100, àwọn ìpínlẹ̀ á mú 26.72, àwọn kánsù 774 á pín 20.60 (ti VAT yàtọ̀ o, ìyẹn ní bí wọ́n ṣe ń pín tiẹ̀). Ìwé òfin 1999, abala 162, ló ní kí ti kánsù gba inú àpò àjọni kan tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ìpàdé tí wọ́n ti ń pín in là ń pè ní JAAC. Níbẹ̀ yẹn, kó tó kan alága, owó oṣù tíṣà pírámárì ti kúrò, owó ìfẹ̀yìntì ti kúrò, ti àwọn nọ́ọ̀sì hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ti kúrò, ìdá 5 ti àwọn ọba ti kúrò. Gbogbo ìyẹn ò burú, èèyàn ló ń jẹ ẹ́. Torí náà alága tó ní owó ò sí lè má parọ́ o.

Iṣẹ́ àjọṣe ni kẹ́ ẹ fojú sí. Wọ́n á ní gbogbo kánsù ti fẹnu kò láti jọ ra ọkọ̀, láti jọ ṣe ọ̀nà kan báyìí, ẹ ò ní fojú kan agbaṣẹ́ṣe láéláé, ẹ ò ní mọ iye tó gbà, ìwé ni wọ́n á gbé síwájú alága, kó sáìnì. Mo bá ọ̀gá mi kan lọ rí tó ní òun fẹ́ kà á ná. Ọkùnrin tó gbé ìwé náà wá ò tiẹ̀ bínú, ẹ̀rín ló rín, ó ní "alága, ṣé ẹ ò fẹ́ wá sípàdé oṣù tó ń bọ̀ ni?" Ó sáìnì. Ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá yẹn tutù gan-an, síbẹ̀ aṣọ rẹ̀ rin lẹ́yìn.

Kí ló dé tó fi ń bẹ̀rù? Ẹ padà lọ ka ohun tí Bàbá Bejì kọ. Àwọn ìyá ọjà kọ́ ló fi í síbẹ̀, ẹni tó fi í síbẹ̀ ló ń sìn. Tó bá ya olórí kunkun, wọ́n á lé e. Ọdún 2019, ọjọ́ tí wọ́n búra fún gómìnà tuntun l'Ọ́yọ̀ọ́, May 29, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n tú gbogbo alága kánsù ká. Wọ́n gbé e dé Supreme Court, wọ́n sì jàre, àmọ́ May 2021 ni ìdájọ́ dé, ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí sáà wọn pé. Kóòtù ní kí wọ́n san owó oṣù wọn fún wọn. Ó dáa, ta ló san ọdún méjì yẹn fún àwọn ará ìlú tó dìbò?

Àwọn tó sì rò pé ká ṣáà ti fún alága lówó tààrà ló kù, ẹ bi àwọn tíṣà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọn ò gbàgbé ìgbà tí owó oṣù wọn wà lọ́wọ́ kánsù tí wọ́n ń jẹ ẹ́ ní gbèsè oṣù rẹpẹtẹ. Nígbà tí Àbújá wá ń yọ owó wọn látòkè, àwọn kánsù kan ò rí kọ́bọ̀ mú lọ sílé lóṣù, "zero allocation" là ń pè é nígbà yẹn. Ilé kan tí gbogbo ẹni tó ń gbé nínú ẹ̀ mọ̀ pé àwọn yòókù ń jalè, kò sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé owó pamọ́ sí.

Ṣadé_Peckham:
Bàbá, ẹ ṣé gan-an, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé JAAC fún mi rí báyìí.

Èmi ń san council tax ní London ńbí lóṣooṣù, ó sì máa ń dùn mí. Àmọ́ lọ́dọọdún wọ́n máa ń ṣí ìwé ìṣirò owó sílẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 30, ẹnikẹ́ni tó ń gbé àdúgbò lè lọ wo risíìtì. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ áńgẹ́lì o, ní 2009 a rí àwọn aṣòfin wọn tó ń gba owó ilé tí wọn ò san, àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀. Birmingham náà kéde ní 2023 pé owó ti tán lápò àwọn. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé ẹnì kan lè rìn wọlé kó ní ẹ fi hàn mí, wọn ò sì ní bi í pé ọmọ ta ni ọ́.

BàbáBejì_Mushin:
Àǹtí London, ẹ wá rìn wọ kánsù tiwa lọ́la kẹ́ ẹ ní ẹ fi hàn mí. Géètìmáànù lẹ kọ́kọ́ máa ṣàlàyé ara yín fún.

Lọ́yà_Àdúgbò:
Ẹ má rẹ́rìn-ín, òfin wà fún un níbí náà. Freedom of Information Act, 2011. Ẹnikẹ́ni lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, o ò sì ní láti sọ nǹkan tó o fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n lè fi 7 kún un. Tí wọ́n bá kọ̀, o ní ọjọ́ 30 láti gbé wọn lọ sí kóòtù, ẹni tó bá sì fi ìwé du ọ láìtọ́, ₦500,000 ni owó ìtanràn tó wà ńbẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ ti ń sọ pé òfin Àbújá ò kan àwọn, Supreme Court pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ní 2025.

ỌmọAláṣọ, ẹ má lọ kọ "ẹ sọ ibi tówó wa wà" o, ẹjọ́ ni wọ́n á rò fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ béèrè ìwé tó lórúkọ: bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí, ibi tí wọ́n kọ gọ́tà sí, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye tí wọ́n ti san fún un. Ẹ béèrè iye tó wọlé lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọjà yín lọ́dún tó kọjá. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ò gba JAAC kọjá! Inú ọjà yín ni wọ́n ti gbà á, nílé kánsù ló yẹ kó wà, gómìnà ò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Alága tó ń na ìka sí òkè, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ti ìsàlẹ̀.

Lórí ìdájọ́ July 11, 2024 yẹn, nǹkan kan wà tí rédíò ò sọ tó. Kóòtù ní kánsù tí wọ́n dìbò yàn nìkan ni kí wọ́n sanwó fún, pé kèátéékà tí gómìnà fi síbẹ̀ ò bófin mu. Ẹ wá wo bí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣe sáré ṣe ìbò kánsù lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ kèátéékà lánàá ló di alága tí "aráàlú yàn" lónìí. Wọ́n tẹ̀ lé òfin, kò sì sí nǹkan tó yí padà.

Ní ti màmá, n ò ní bá wọn wí. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé òfin ìdìbò 2022, èyí tó wà nílẹ̀ nígbà ìbò yẹn, fi ₦500,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12 sórí ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà. Ẹ̀yin náà mọ èyí tí ọlọ́pàá máa rí mú nínú àwọn méjèèjì.

ỌmọAláṣọ:
Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn wọ̀ mí lára, mi ò rò ó báyẹn rí. Mo kà á fún màmá mi, wọ́n ti pe ìyálọ́jà. Ìyálọ́jà ní àwọn fúnra àwọn ló máa lọ béèrè o, kì í ṣe ọmọ kékeré. Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé wọn ò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n bá àwọn kọ lẹ́tà tí àwọn ò lè kà.

Lọ́yà_Àdúgbò:
Kí wọ́n lọ sọ ọ́ lẹ́nu. Ó wà nínú Freedom of Information Act yẹn, abala 3: òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá sọ ọ́ fún ló máa kọ ọ́ sílẹ̀, á sì fún wọn ní ẹ̀dà kan. Kí wọ́n mú ẹni tó mọ̀wé dání kó bá wọn wo nǹkan tí wọ́n kọ, kí wọ́n má sì kúrò ńbẹ̀ láìgba ẹ̀dà wọn pẹ̀lú déètì lórí ẹ̀.

BàbáBejì_Mushin:
Ìyálọ́jà! Ẹ bá mi ya fọ́tò òṣìṣẹ́ tó bá ń kọ ọ́ o, mo fẹ́ rí ojú ẹ̀.