Fìlà òyìnbó fún bàbá wa nílé: ẹ wọn orí kí ẹ tó náwó

Ọmọ Àjílété, Leeds
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí n bá àwọn ra flat cap, irú èyí tí àwọn àgbà òyìnbó ń dé. Mo ra èyí tí wọ́n kọ L sí nínú, mo fi ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Fìlà yẹn dára, ṣùgbọ́n ńṣe ló bà lé mi lórí bí ẹyẹ." Ó dùn mí, torí wọn kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ ra òmíràn kí ọyẹ́ tó dé. Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó máa bá orí mu? Ṣé flat cap náà ni kí n tún rà, àbí newsboy, èyí tó kún tó ní bọ́tìnì lókè?

Bàbá Onífìlà, Glasgow
Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè kí o tó tún náwó. Mo kọ́ṣẹ́ fìlà rírán ní Ọ̀yọ́, lẹ́bàá ọjà Àkẹ̀sán, kí n tó rìn dé ibí. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé orí la kọ́kọ́ ń wọ̀n, a kì í wo ojú oníbàárà ká fi gé aṣọ. L ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ M níbòmíràn. Iye sẹ̀ntímítà ni kí o máa bá àwọn ontà sọ.

Ní kí ẹnì kan nílé mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í fà, kó fi yí orí Bàbá ká. Kó gba ìbú ìka kan sókè irun òkè ojú, ìbú ìka kan sókè etí, kó sì yí ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù. Kó má fà á le, kí ìka kan lè wọ abẹ́ okùn náà. Lẹ́yìn náà kó tẹ́ okùn lé orí rúlà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kó wọ̀n ọ́n, èyí tó pọ̀ jù ni kí o mú.

Bó bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 58, 7⅛ ni wọ́n ń kọ sí i ní Britain níbí, ṣùgbọ́n 7¼ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ sí fìlà kan náà. Ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣòfò. Tí orí bá bọ́ sáàárín nọ́ḿbà méjì, mú èyí tó tóbi. Fìlà tó gbòòrò ṣeé dín: ọ̀já kan wà nínú rẹ̀ tó ń gba òógùn, ki fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí aṣọ òwú tí a ká sábẹ́ rẹ̀, á há díẹ̀. Èyí tó fún kò ní oògùn, orí ni yóò máa fọ́ ẹni tó dé e.

Aṣọ kan ṣoṣo ló bo òkè flat cap láti ìpàkọ́ wá síwájú, wọ́n sì rán an mọ́ ibi líle tó ń ṣíji bo ojú. Awẹ́ mẹ́jọ ni newsboy ní, bí awẹ́ ọsàn, gbogbo wọn pàdé lábẹ́ bọ́tìnì kan lókè, ìdí nìyẹn tó fi kún. Ojú tó fẹ̀ tàbí tó rí roboto ló ń gba newsboy, ojú tẹ́ẹ́rẹ́ á rì sínú rẹ̀. Fi fọ́tò Bàbá ránṣẹ́, tiwájú àti tẹ̀gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló ká mi lára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tweed tó nípọn ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún oṣù Ẹrẹ́nà. Irun àgùntàn ni, oòrùn ibẹ̀ kò gbà á. Linen (aṣọ ọ̀gbọ̀) tàbí aṣọ òwú ni kí ẹ rà. Àárọ̀ ọyẹ́ ni tweed yẹ. Bí ẹ bá sì máa ra tweed, ẹ wá Harris Tweed tí àmì Orb, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí àgbélébùú wà lórí rẹ̀, wà lára rẹ̀. Òfin ọdún 1993 ló dáàbò bò ó: àwọn ará erékùṣù Outer Hebrides ní Scotland gbọ́dọ̀ fọwọ́ hun ún nínú ilé wọn, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti gbọ́dọ̀ pa irun àgùntàn rẹ̀ láró, kí wọ́n ran án. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ni mo máa ń rántí. Sányán àti ẹtù wa yẹ fún irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Àtìbà, Toronto
Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Òfin lórí fìlà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní 1571, àwọn aṣòfin England pàṣẹ pé ọkùnrin tó bá ti ju ọmọ ọdún 6 lọ gbọ́dọ̀ dé fìlà irun àgùntàn lọ́jọ́ Ìsinmi, àfi àwọn ọlọ́lá, kí iṣẹ́ irun àgùntàn má bàa kú. 1597 ni wọ́n tó fagi lé e.

Ìyá Ìbejì, Dublin
Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí irun dídì lèmi ń dé newsboy sí. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ di irun kí ẹ tó wọn orí, torí irun dídì ń fi kún un gan-an. Kí ẹ sì ní kí wọ́n rán sátíìnì sínú rẹ̀, nítorí irun àgùntàn ń gé irun wa. Bàbá, tèmi tẹ̀ pẹrẹsẹ nínú àpò tí wọ́n fi gbé e wá, iwájú rẹ̀ sì ti ká. Ṣé kí n rẹ ẹ́ sómi?

Bàbá Onífìlà, Glasgow
Ìyá Ìbejì, ẹ má rẹ ẹ́ o! Omi gbígbóná àti fífún ló ń mú irun àgùntàn súnkì, bó bá sì ti súnkì, kì í padà. Páálí ló tún máa ń wà níwájú àwọn fìlà àtijọ́, bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó tán. Ike ló wà nínú tìsinsìnyí.

Ẹ gbé kẹ́tùlù kaná, ẹ jẹ́ kí ooru ẹnu rẹ̀ máa fẹ́ sí fìlà láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀ títí aṣọ yóò fi rọ̀. Ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ iwájú rẹ̀ wálẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má ṣẹ́ ẹ láàárín, nítorí ìlà tó bá ti wà níbẹ̀ kì í kúrò. Ẹ dà á bo igbá tó tó orí yín títí á fi tutù. Igbá fínfín tí mo gbé wá láti Ọ̀yọ́ lèmi ń lò. Abọ́ tí a fi tówẹ́ẹ̀lì wé náà á ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sórí híítà.

Bí ẹ bá fẹ́ dé e, ẹ jẹ́ kí kíkún rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí a ṣe ń gẹ gọ̀bì.

Ọmọ Àjílété, Leeds
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Àbúrò mi ti wọn orí Bàbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta: 60, 60, 59 àti ààbọ̀. 7⅜ nìyẹn níbí. Mo wo inú ìwé tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 58 ni L yẹn! Àbúrò mi ti gbà á, orí tirẹ̀ ló bá mu. Ojú Bàbá fẹ̀, nítorí náà newsboy ni mo rà báyìí, linen kan àti tweed kan fún ọyẹ́. Ta ló ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣáájú Kérésì tó lè bá mi mú un dání? Màá ki ìbọ̀sẹ̀ kún inú méjèèjì kí wọ́n má bàa tẹ̀.