Ṣé dandan ni lẹ́tà ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́?

Ọmọ Alákétu:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), iṣẹ́ olùṣírò owó ní iléeṣẹ́ aládàáni kan. Èèyàn mẹ́ta ni yóò bi mí léèrè. Wọ́n ní ó yẹ kí n kọ̀wé dúpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà wo ni? Ta ni kí n kọ ọ́ sí? Ṣé ti WhatsApp tó?

Ará Àjàṣẹ́:
Ẹ kọ ọ́. Àṣà wa náà ni: ẹni tí a ṣe lálejò lánàá, àárọ̀ òní ló ń wá wí pé "ẹ ṣé àná". Wákàtí 24 ni gbèdéke rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ni tiyín bọ́ sí, nítorí náà ẹ fi ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì, àbí kí ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èyí tó bá wọlé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn méèlì mìíràn á ti gorí rẹ̀.

Méèlì ni o, àfi tó bá jẹ́ WhatsApp ni wọ́n fi pè yín. Kí ẹ tó dìde níwájú wọn, ẹ béèrè àdírẹ́sì wọn. Bí wọn ò bá fún yín, ẹ kọ ọ́ sí akọ̀wé tó pè yín, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó bá yín jíṣẹ́.

Ìyá Sábẹ̀:
Ọmọ mi, ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni inú lẹ́tà gan-an. Lẹ́nu wa, bí a bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà, a ó kì í, a ó sì gbàdúrà fún un. Gbé ìyẹn sínú Faransé, ó di ẹ̀bẹ̀. Má kọ "Papa", má kọ "Que Dieu vous bénisse" (kí Ọlọ́run bù kún yín), má sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ká ọ lára tó nítorí àwọn tí ò ń bọ́. "Vous" (ẹ̀yin, ti ọ̀wọ̀) ni látòkè délẹ̀. Oyè tí o fi bẹ̀rẹ̀ lókè, òun náà ni kó padà wá nísàlẹ̀: "Madame la Directrice" (ọ̀gá obìnrin) lókè, "Veuillez agréer, Madame la Directrice, l'expression de mes salutations distinguées" nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ 100 sí 150 ti tó. Dúpẹ́, dárúkọ iṣẹ́ náà àti ọjọ́ tí ẹ pàdé. Lẹ́yìn náà, mú ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ nínú yàrá yẹn. Bí wọ́n bá ní ìwé ìsanwó láti àwọn ẹ̀ka máa ń pẹ́ dé, sọ ní gbólóhùn méjì bí wàá ṣe tò ó. Gbólóhùn méjì yẹn ni wọ́n á rántí. Lẹ́tà tí kò ní i, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́.

Èèyàn mẹ́ta, lẹ́tà mẹ́ta, kí wọ́n má sì jọra, nítorí wọ́n máa ń fi han ara wọn. Wo orúkọ wọn dáadáa: lọ́dọ̀ wa níbí, "Adéchina" àti "Babatoundé" ni wọ́n ń kọ. Má fi àkọtọ́ Nàìjíríà tún orúkọ olórúkọ ṣe.

Ọmọ Alákétu:
Ẹ ṣeun gan-an ni, màmá. Bí mo bá wá rántí pé mo ṣi ìdáhùn kan sọ ńkọ́?

Ará Àjàṣẹ́:
Bí ó bá jẹ́ òfin tàbí iye, ẹ tún un ṣe ní gbólóhùn kan, láìṣàwáwí. Bí àpẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ tó fi ìwé ilẹ̀ Faransé kẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ pé TVA (owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà) jẹ́ 20%, nígbà tó jẹ́ pé 18% ni ní Benin. Olùṣírò owó tó bá fúnra rẹ̀ rí i, tó sì tún un ṣe, ti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n. Bí ó bá kàn jẹ́ pé ẹ kólòlò, ẹ má mẹ́nu bà á.

Bí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ méjì ni èsì yóò gbà, ẹ jẹ́ kí ó pé, kí ẹ fi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta sí i, kí ẹ tó béèrè.

Ìyá Sábẹ̀:
Àti pé kí ẹlòmíràn tó ń kà á má fi ṣe ti ìjọba o. Bí ó bá jẹ́ concours (ìdánwò tí ìjọba fi ń gba òṣìṣẹ́), má kọ nǹkan kan sí ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ títí èsì yóò fi jáde. Ẹ̀bùn ńkọ́? Ti ìjọba ni o, ti aládàáni ni o, ìbáà ṣe iṣu kan, má gbé e lọ.