Òróró wo ló máa ń gbẹ dáadáa lára bírò onígi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ igi. Abẹ́òkúta ni mo wà, àgékù pákó apá àti ìrókò ni mo ń fi ẹ̀rọ yí di bírò. Mi ò fẹ́ fánìṣì tó ń dán bí ike. Igi gan-an ni mo fẹ́ kí ọwọ́ kàn.

Àdín àgbọn kì í gbẹ, eruku ló ń kó. Atẹ́gùn ló ń mú òróró linseed (òróró hóró ọ̀gbọ̀) gbẹ, àmọ́ lásìkò òjò yìí, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka, pàápàá níbi tí àtàǹpàkò ti ń dì í mú. Ṣé kí n fi ìda oyin lé e ni, àbí tung oil (òróró hóró igi tung) ló sàn jù? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á, ní Kútọ̀ tàbí Lafẹ́nwá?