Kí la ó máa pe 'skirt'? Ara màlúù ni kó sọ orúkọ ẹran

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ìbéèrè arábìnrin wa tó ń gbé ní Manchester ni mo fẹ́ dá sí. Ó ra ẹran màlúù tó wá láti Írẹ́lándì, tí wọ́n ti lẹ àlẹ̀mọ́ ẹ̀dínwó aláwọ̀ ìyeyè mọ́ lára. 'Beef skirt' ni wọ́n kọ sí i. Ìyá rẹ̀ bi í lórí fóònù pé irú ẹran wo nìyẹn, kò sì rí orúkọ pè é. Ẹnìkan nínú wa ní ká pè é ní 'yẹ̀rì ẹran', ẹlòmíràn ní 'ẹran ìmí', ẹni kẹta ní kó ṣáà pè é ní 'ẹran ẹ̀dínwó'.

N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀dínwó kò sọ ibi tí ẹran ti wá. Ọjọ́ tí wọn ò gbọdọ̀ tà á mọ́ ló sún mọ́lé. Itan lè gba àlẹ̀mọ́ yẹn lónìí, kí ẹ̀dọ̀ gbà á lọ́la. Ní ti yẹ̀rì, ìyá tó gbọ́ ọ ní Ìbàdàn kò lè fọwọ́ tọ́ka sí ibì kankan lára màlúù.

Kí ni 'skirt' gan-an? Iṣan pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ egungun ìhà ni, òun ló pààlà sáàárín àyà àti ikùn, òun sì ni ẹranko fi ń mí. Àwọn alápatà Gẹ̀ẹ́sì kan a tún máa kó ẹran ikùn mọ́ ọn. Mo rí ìdí tí ẹni kejì fi mú 'ìmí' wá, òye rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i. Bí a bá kọ 'eran imi' ránṣẹ́, oúnjẹ ti bàjẹ́ kí á tó gbé ìkòkò kaná. 'Abẹ́-ìhà' ni mo dábàá. Alápatà tó bá gbọ́ ọ yóò mọ ibi tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń lọ.

Ohun tó mú mi tẹnu mọ́ ọn ni pé àwọn tó ni orúkọ wọ̀nyí gan-an kò fohùn ṣọ̀kan lé wọn lórí. Ẹran tí wọ́n ń pè ní 'sirloin' ní London, apá ẹ̀yìn tó tẹ̀ lé egungun ìhà ni. Bí ẹ bá dé Amẹ́ríkà tí ẹ béèrè 'sirloin', ìbàdí ni wọ́n máa gbé fún yín, èyí tí ará London ń pè ní 'rump'. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Peckham ní London yóò pe orúkọ kan náà, wọn ó sì gbé ẹran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wálé. 'Ẹ̀yìn' àti 'ìbàdí' kì í yí padà bí a bá rékọjá òkun.

Ẹ tún wo Bràsíl. Màlúù Nelore tó pọ̀ lọ́hùn-ún ní iké bíi ti màlúù àwọn Fúlàní wa. 'Cupim' ni wọ́n ń pe ẹran iké náà, bẹ́ẹ̀ ikán ni cupim nínú èdè Potogí. Ṣé ká wá túmọ̀ ìyẹn náà? Iké ni. Ó ti lórúkọ lọ́dọ̀ wa tipẹ́.

Bákan náà, 'shin' ni ojúgun, 'brisket' ni igẹ̀, 'ox cheek' sì ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ màlúù. Nílé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń bá orí lọ ni. Lókè òkun níbí ni wọ́n ti ń gé e tà lọ́tọ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa dá a mọ̀ nínú ike. Orúkọ ẹ̀yà ara tún ń kọ́ ẹni tó ń sè é lọ́gbọ́n. Ojúgun ló ń gbé màlúù rìn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló fi ń jẹ àpọ̀jẹ tọ̀sán-tòru, nítorí náà iṣan líle pọ̀ nínú méjèèjì. Ẹ fi wọ́n sórí iná tí kò le fún bíi wákàtí mẹ́ta. Iṣan yẹn á yọ́, omi ẹran á sì ki. Ti abẹ́-ìhà yàtọ̀. Fọ́nrán rẹ̀ tóbi, ó sì hàn sójú. Ẹ lè dín in kíákíá lórí iná gbígbóná, ṣùgbọ́n ìdábùú fọ́nrán yẹn ni kí ẹ gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eyín á jìyà.

Ó wá ku 'silverside' àti 'topside'. Itan ẹ̀yìn ni méjèèjì: 'silverside' wà lápá òde, awọ fẹ́lẹ́ tó ń dán bíi fàdákà lára rẹ̀ ló fún un lórúkọ, 'topside' wà lápá inú. Mo dábàá 'itan òde' àti 'itan inú'. Ẹ̀yin tí òbí yín jẹ́ alápatà, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ará Ìlọrin àti Ìjẹ̀bú, kí ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì ẹran? Bí orúkọ bá ti wà níbẹ̀, mo fa tèmi sẹ́yìn.