Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àìtó fítámì B12 lè fa ìsoríkọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, Iléṣà la wà, ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo bá wá. Wọ́n ti ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà ọjọ́ ti pẹ́, wọn ò jẹ ẹran mọ́, ẹja náà wọn ò fẹ́ rí i sójú. Èèyàn tó máa ń kọ́kọ́ ṣí ìsọ̀ lọ́jà tẹ́lẹ̀, ní báyìí wọn kì í fẹ́ jáde rárá, ọ̀rọ̀ kì í tètè sọ sí wọn lọ́kàn, ẹsẹ̀ wọn sì ń ṣe wọ́n bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Lánàá òkèlè wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kàn ń wò ó títí ọbẹ̀ fi tutù.

Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni, èmi ò gbà. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ló ní metformin tó bá pẹ́ lára kì í jẹ́ kí ara gba B12 dáadáa, inú ẹran, ẹja, ẹyin àti mílíìkì ló sì wà, tí ò bá tó ó lè ba iṣan ìmọ̀lára (nerve) jẹ́, ó sì lè mú ìsoríkọ́ wá. Ó tún ní ká má lo folic acid (oògùn ẹ̀jẹ̀) nìkan torí ẹ̀jẹ̀ lè dáa kí iṣan ṣì máa bàjẹ́ lọ. A ò ní dá metformin dúró láìbi dókítà o.

Ẹ jọ̀ọ́ ta ló ti rí irú ẹ̀ rí, ṣé inú onítọ̀hún padà dùn lẹ́yìn abẹ́rẹ́ B12? Ṣé wọ́n ń ṣe tẹ́ẹ̀sì B12 ní ilé ìwòsàn Wesley Guild àbí ká lọ Ifẹ̀, èló sì ni?