Èsì lórí “ìmọ̀ ọ̀daràn”: ẹ má jẹ́ ká ti inú orúkọ dá ènìyàn lẹ́bi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí a kọ láti ọjọ́ Ajé lórí ìbéèrè ọmọbìnrin wa tó ń ṣe oyè kejì ní Adó-Èkìtì. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀kọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní criminology ló ń kọ́, ìyẹn ìwádìí nípa bí a ṣe ń rú òfin, ó sì fi forensic psychology kún un, èyí tó ń yẹ ìrònú àti ìhùwà ènìyàn wò fún kóòtù. Ó fẹ́ lọ fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ìyá àti ìyàwó àwọn tó wà lẹ́wọ̀n lẹ́nu wò káàkiri Èkìtì, dandan sì ni kí ìwé ìyọ̀ǹda tí wọn yóò tọwọ́ bọ̀ wà ní Yorùbá. Ó wá béèrè ohun tí òun lè pe ẹ̀kọ́ méjèèjì lórí ìwé náà. Bàbá wa láti Ìkẹ́rẹ́ fún un ní “ìmọ̀ ọ̀daràn” àti “ìmọ̀ ọkàn ọ̀daràn”, èèyàn mẹ́ta sì ti fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá, ṣùgbọ́n mi ò lè fara mọ́ ọn, inú iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun ni ìdí rẹ̀ sì ti wá.

Ọdún 21 ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù májísíréètì kí n tó padà sí yunifásítì lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà tí ọmọ yìí ń kọ́. Ní ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọ́n mú ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan wá, wọ́n ní ó jí alùpùpù gbé. Adájọ́ sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí olùjẹ́jọ́ dìde kí wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí. Mo yíjú sí i, mo ní, “Ọ̀daràn, dìde.” Mi ò ní in lọ́kàn láti bú u. Bí mo ṣe bá àwọn ọ̀gá mi tí wọ́n ń sọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ náà kò dìde. Ó bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Obìnrin kan ló dìde lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, gèlè rẹ̀ ti tú sí i lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹ ti dá a tán kí n tó dé ni?” Wọ́n ní kó jókòó, kó dákẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ẹni tó ni alùpùpù fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé ọmọ náà kọ́ ni òun rí, kóòtù sì dá a sílẹ̀. Ìbéèrè ìyá yẹn kò tíì kúrò létí mi. Lọ́jọ́ náà, ó mọ Yorùbá ju èmi tí ìjọba ń sanwó fún láti mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ wo inú ọ̀rọ̀ náà. Dá ọ̀ràn, dáràn. Ọ̀daràn ni ẹni tó ti dá a, tí kò sí iyèméjì nínú rẹ̀ mọ́. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní abala 36, ẹsẹ̀ 5, sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn títí di ìgbà tí a bá fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Ẹsẹ̀ 6 abala kan náà ló ní kí ẹni tí kò gbọ́ èdè kóòtù ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi tí ẹsẹ̀ 6 gbé dìde ni mo fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tẹ ẹsẹ̀ 5 mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara mi kò fi gbà á kí a tún gbé ọ̀rọ̀ kan náà lé orí ìwé tí ìyá mìíràn yóò tọwọ́ bọ̀.

Afurasí wà fún ẹni tí a ṣì ń wádìí, olùjẹ́jọ́ wà fún ẹni tó ti dé kóòtù. Ẹnìkan nínú wa ti ṣàròyé pé “afurasí” kò tọ̀nà, pé àfòmọ́ “a-” yẹn ló máa ń sọ olùṣe, bíi apẹja àti akọ̀wé, nítorí náà ẹni tó ń fura ló yẹ kó jẹ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n etí gbogbo wa ń gbọ́ “ẹni tí a fura sí” nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti fìdí múlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Ìdí kejì ti inú ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ wá. Ní ọdún 1876, Cesare Lombroso, oníṣègùn ará Ítálì, gbé ìwé jáde pé a máa ń bí àwọn ọ̀daràn kan bẹ́ẹ̀ ni, pé a lè fi àgbárí, àgbọ̀n àti etí wọn dá wọn mọ̀. Ó máa ń wọn orí ẹlẹ́wọ̀n. Ìran tó tẹ̀lé e gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ gan-an, àfìgbà tí Charles Goring, dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi nǹkan bí 3,000 ẹlẹ́wọ̀n wé àwọn tí kò ṣẹ̀wọ̀n rí, tó sì kéde ní 1913 pé kò sí ojú kan tó jẹ́ ojú ọ̀daràn. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀kọ́ náà ti ń kúrò lórí irú ènìyàn bọ́ sórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Edwin Sutherland ní Amẹ́ríkà wá pín in sí mẹ́ta: bí a ṣe ń ṣe òfin, bí a ṣe ń rú u, àti ohun tí àwùjọ ń ṣe sí ẹni tó rú u. Bí a bá wá pè é ní “ìmọ̀ ọ̀daràn”, ọ̀dọ̀ Lombroso la tún padà sí yẹn.

Ẹni wa tó wà ní Ìjerò ti rí èyí, òun ló dábàá “ẹ̀kọ́ ìdáràn”. Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílé, ojú rẹ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “Ta ló ń kọ́ ọmọ ní ìdáràn?” Òtítọ́ ló sọ. Bí ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá láti ara ìṣe bá tẹ̀lé “ẹ̀kọ́” tàbí “ìmọ̀”, ọgbọ́n àtiṣe é la máa ń gbọ́: ìmọ̀ ìṣègùn ni mímọ̀ bí a ṣe ń ṣègùn, ìmọ̀ ìṣirò ni mímọ̀ bí a ṣe ń ṣírò. Ìmọ̀ ìdáràn yóò wá jẹ́ mímọ̀ bí a ṣe ń dáràn. Ṣùgbọ́n ẹ fi “nípa” sáàárín, kí ẹ wo bó ṣe ń yí i padà: ìmọ̀ nípa ìdáràn. Kò gùn jù, etí kò sì lè ṣì í gbọ́. Òun ni mo fara mọ́.

Mo mọ̀ pé rédíò àti ìwé ìròyìn ń lo “ìwà ọ̀daràn”, mi ò sì ní kí a pa á rẹ́. Lórí ìwé ẹ̀kọ́ nìkan ni mo ti yàgò fún un, nítorí ìwà lẹ́nu Yorùbá kì í ṣe ohun tí ènìyàn ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí a mọ̀ ọ́n sí ni. Ẹni tó jíṣu lọ́dún ìyàn dáràn. Èmi kò lè ti ibẹ̀ sọ ìwà rẹ̀.

Orúkọ èkejì, ti forensic psychology, ló gba ìrònú jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ forensic, ó sì lérò pé òkú àti ẹ̀jẹ̀ ni. Rárá o. Forum ni gbòǹgbò rẹ̀ nínú èdè Látìn, ìyẹn gbàgede ọjà ní Róòmù níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí ní Èkìtì pẹ̀lú, ọjà ọba kì í jìnnà sí ààfin tí wọ́n ti ń dájọ́. Ohun tó wúlò fún ìdájọ́ ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, “ọ̀daràn” kò níṣẹ́ kankan nínú orúkọ èkejì yìí. Ọmọ tí bàbá àti ìyá ń dù lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, onímọ̀ yìí lè yẹ̀ ẹ́ wò fún kóòtù. Ẹlẹ́rìí pẹ̀lú: ìwé tí Hugo Münsterberg, ará Jámánì tó ń kọ́ni ní Harvard, gbé jáde ní 1908, lórí bí ìrántí ẹlẹ́rìí ṣe lè ṣì í lọ́nà ni púpọ̀ rẹ̀ dá lé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi ẹlẹ́rìí, torí pé ọ̀rọ̀ àwa elédè gan-an ló wà níbẹ̀. Ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer ní Amẹ́ríkà fi sinimá ìjàǹbá ọkọ̀ han akẹ́kọ̀ọ́ 45, wọ́n sì bi wọ́n léèrè bí àwọn ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí nínú ìbéèrè náà. Àwọn tí wọ́n bi pé báwo ni ọkọ̀ méjèèjì ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n “rún mọ́ra” dáhùn ní ìpíndọ́gba pé ó lé díẹ̀ ní máìlì 40 ní wákàtí kan. Àwọn tí wọ́n lo “fara kanra” fún ní 31.8. Wọ́n tún fi fíìmù kúkúrú kan nípa ìjàǹbá ọkọ̀ han akẹ́kọ̀ọ́ 150 mìíràn, wọ́n sì tún yí ọ̀rọ̀ ìṣe inú ìbéèrè náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì kankan tó fọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, nínú 50 tó gbọ́ “rún mọ́ra”, 16 ní àwọn rí i; nínú 50 tó gbọ́ “gbára”, 7 péré.

Ọjọ́ tí mo kà á ni mo jókòó tí mo ń ronú iye ìgbà tí agbẹjọ́rò ti sọ hit, tí mo sì fi “kọlu” sí i lẹ́nu, nígbà tí “gbá” ìbá tó. Àwa tí à ń pe ọ̀rọ̀ ní ẹyin, mélòó ni mo ti fọ́ sínú orí ẹlẹ́rìí láìmọ̀?

Nípa “ọkàn” tí Bàbá lò: ọ̀rọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí wo ló lè gbé ọkàn ẹlòmíràn wá síwájú adájọ́? Ohun tí onímọ̀ náà lè yẹ̀ wò, tó sì lè búra lé lórí, ni bí ènìyàn ṣe ń ronú, bó ṣe ń rántí, bó ṣe ń hùwà sí ẹlòmíràn. Mo fẹ́ràn “ìhùwàsí” nítorí “sí” ìparí rẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀ràn ló ń kan ẹlòmíràn. “Ẹ̀mí” tí ẹnìkan dábàá, ẹ má lò ó rárá: ìyá tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ìtúsílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀mí àìmọ́ la fẹ́ ṣe fún ọmọ òun. Nítorí náà, mo dábàá ìmọ̀ ìhùwàsí fún ìdájọ́.

“Wèrè” náà kò yẹ kó wọ ìwé yẹn. Abala 28 òfin ìdáràn tí gúúsù Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè bóyá ènìyàn ya wèrè. Ohun mẹ́ta ló béèrè: ṣé àrùn tàbí àbùkù ọpọlọ gba agbára àtimọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí agbára àtikó ara rẹ̀ níjàánu, tàbí agbára àtimọ̀ pé kò yẹ kí òun ṣe é? Ẹni tó ń wọṣọ, tó ń kí ènìyàn dáadáa, lè wà lára wọn. Ẹni tó sì ń rìn ìhòòhò lọ́jà lè má sí lára wọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù tí ọmọ wa béèrè kò le. Ẹni tí a ṣẹ̀, fún victim. Àtúndáràn, fún kí ènìyàn ti ẹ̀wọ̀n dé kó tún padà dáràn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n, kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2019 ti yí orúkọ iléeṣẹ́ náà sí ti àtúnṣe, ṣùgbọ́n ìyá tó ń gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀ kò tíì pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo bá a kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà nìyí, kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò: “Ẹ kú ilé, Mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ìmọ̀ nípa ìdáràn àti ìmọ̀ ìhùwàsí fún ìdájọ́ ni mò ń kọ́. Mi ò wá láti ṣe ẹjọ́ ọmọ yín. Bí ẹ̀yin ṣe ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti mú un lọ ni mo fẹ́ gbọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ dáhùn, kò sí ìyà kankan níbẹ̀.” Púpọ̀ nínú wọn kò ní kà á fúnra wọn, kíkà la máa kà á sí wọn létí, fún ẹni tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́. Kí ẹ̀yin tó wà ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ẹfọ̀n jọ̀wọ́ kà á fún àgbàlagbà obìnrin kan nílé yín, kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ sí wa gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, nítorí ọjọ́ náà ni ọmọ wa gbọ́dọ̀ fi ìwé sílẹ̀.