Hóró fíìmù, ariwo sikáánà: ẹ má fún wọn lórúkọ kan

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé ṣáájú ní ká máa pe gbogbo àmì wínníwínní tó bá hàn nínú nẹ́gátíìfù (fíìmù tí a ti fọ̀, tí ibi tó mọ́lẹ̀ ti di dúdú) tí a fi sikáánà gbé sórí kọ̀ǹpútà ní "èérún". Wọ́n ní "ariwo" kò bójú mu, pé ta ló ń fi ojú gbọ́ ariwo?

Ẹ má bínú sà, n kò fara mọ́ ọn. Ara fíìmù ni àmì kan ti wá: hóró tíntìntín tó ní fàdákà nínú, tí ìmọ́lẹ̀ bà, tí oògùn ìfọ̀ sì sọ di dúdú. Èkejì ni èyí tí à ń pè ní "ariwo": sikáánà ló ṣi ìmọ́lẹ̀ kà.

Mo dán an wò. Mo fi sikáánà ka fọ́tò dúdú-àti-funfun kan, fíìmù ISO 400 (nọ́ńbà ISO ló ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí), lẹ́ẹ̀mejì láì mú un kúrò nípò. Mo gbé ọ̀kan lé èkejì, mo fẹ̀ ẹ́ títí, mo wá ń ṣí ti òkè, mo ń pa á dé. Àmì dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọmọ inú fọ́tò náà, kò yẹsẹ̀. Àmọ́ lójú ọ̀run, ọ̀pọ̀ èyí tó wà nínú ti àkọ́kọ́ ti pòórá nínú ìkejì, òmíràn ti yọ síbòmíràn. Mo ní kí sikáánà kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó fi ìpíndọ́gba wọn ṣe ẹyọ kan. Ti ojú ọ̀run dín kù tó bí ìdajì. Ti ẹ̀gbẹ́ etí kò mira.

Èyí tí kò yẹsẹ̀ ni ti fíìmù, èyí tó ń yí pa dà ni ti sikáánà. Ojú ọ̀run ni ti sikáánà pọ̀ sí nítorí pé ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú fọ́tò ló ki jù lára nẹ́gátíìfù. Agbára káká ni ìmọ́lẹ̀ sikáánà fi ń là á kọjá. (Ti kámẹ́rà òde òní, inú òkùnkùn ló ń ba sí.)

Nítorí náà, "hóró" fún ti fíìmù. Ẹnì kan lè ní nínú fíìmù aláwọ̀, wọ́n ti fọ fàdákà dànù, aró nìkan ló kù. Òótọ́ ni, àmọ́ ibi tí hóró jókòó sí ni aró náà ṣù sí. Orúkọ bàbá lọmọ ń jẹ́. Bí a bá fẹ́ ṣe fínnífínní, "ìṣùpọ̀ hóró" gan-an là ń rí, torí hóró kan ṣoṣo kéré ju ohun tí sikáánà wa lè yà sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wá ńkọ́? Onífótò kì í ka hóró, bí fíìmù ṣe rí lójú ló ń sọ. "Kúnná" ti wà nílẹ̀: fíìmù ISO 100 sábà máa ń kúnná ju ti 400 lọ, èyí tí kò kúnná rí ṣákiṣàki. Kí la fẹ́ fi "ìní-hóró-nínú" ("graininess" tí a túmọ̀ lẹ́yọ-lẹ́yọ) ṣe?

Ní ti "ariwo", ṣebí Yorùbá ló ń gbọ́ òórùn? Ta ló bi wá pé etí wo la fi gbọ́ ọ? Èyí tó ń bo ohùn mọ́lẹ̀ lórí rédíò ni wọ́n ti ń pè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó sì ń ṣe sí ohùn náà ló ń ṣe sí àwòrán. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan ṣẹ́kù. Nígbà mìíràn, píkísẹ́lì sikáánà (ẹyọ tíntìntín tó ń pín àwòrán sí) máa ń kọlu ìṣùpọ̀ hóró, hóró á wá tóbi lójú ju bó ṣe wà lára fíìmù lọ. Fíìmù nìkan kọ́ ló bí i, sikáánà nìkan kọ́. Orúkọ wo lẹ máa sọ ọmọ yẹn?